Yóga láìsí kíláàsì: báwo lẹ ṣe ń ṣe é nílé, lóko àti lẹ́bàá òkè níbí?

Tísà_Kábà:

Ọkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí mo wà l'Abuja, mo máa ń lọ sí kíláàsì yóga lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá kan tó kọ́ ọ ní Íńdíà ló ń kọ́ wa. Ẹ̀yìn tó máa ń dùn mí rọlẹ̀, mo sì ń sùn dáadáa. Wọ́n ti wá gbé mi wá síléèwé kan nítòsí Kábà báyìí, kò sí kíláàsì kankan. Àgbàlá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò nílé tí mo gbà. Tí mo bá fẹ́ na ẹsẹ̀ pẹ́nrẹ́n, àwọn ọmọ á ti pé lé mi lórí bí ìgbà tí eégún jáde.

Ìyá yẹn máa ń sọ pé nína ara nìkan kọ́ ni yóga, pé ìwà wà níbẹ̀, mímí wà níbẹ̀, pé ó sì dáa kéèyàn máa jókòó níta láàárín igi. Òkè ń bẹ lẹ́yìn ilé mi, igi pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, báwo lẹ ṣe ń fi í sínú ìgbésí ayé yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ wo fídíò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.

Ọmọ_Ìjùmú:

Tísà, ẹ káàbọ̀ sílé. Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ fún yín.

Patanjali ni wọ́n ní ó kó ẹ̀kọ́ yóga àtijọ́ jọ ní èdè Sáńsíkírítì, ó sì ti lé ní 1,500 ọdún. Gbólóhùn kéékèèké ni gbogbo rẹ̀, wọ́n jẹ́ 196 (àwọn míì ka 195). Nínú gbogbo wọn, mẹ́ta péré ló sọ bí èèyàn ṣe máa gbé ara sí. Èyí tó ṣíwájú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kí ìjókòó dúró ṣinṣin, kó sì tura. Kò ní kẹ́nikẹ́ni forí dúró o.

Ẹ̀ka mẹ́jọ ló pín ẹ̀kọ́ náà sí. Ti àkọ́kọ́, yama, jẹ́ ohun márùn-ún: má ṣe ẹ̀dá léṣe (ahimsa), sọ òtítọ́ (satya), má jalè (asteya), kó ara rẹ níjàánu (brahmacharya), má ṣojúkòkòrò (aparigraha). Ti kejì, niyama, tún jẹ́ márùn-ún: ìmọ́tótó, ìtẹ́lọ́rùn, ìforítì, kíkọ́ nípa ara ẹni, àti jíjọ̀wọ́ ara ẹni fún Ọlọ́run. Ìkẹta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kan ara, ìkẹrin kan èémí. Ìkarùn-ún ni kéèyàn kó ojú àti etí rẹ̀ kúrò nínú ariwo. Ìkẹfà, kó fi ọkàn sójú kan. Ìkeje ni àṣàrò. Ìkẹjọ, samadhi (kí ọkàn rì pátápátá sínú ohun tó ń ṣe àṣàrò lé), èmi ò tíì débẹ̀, n kò sì rí ẹni tó débẹ̀ rí ní gbogbo Ìjùmú.

Ẹ wá wò ó: ohun tí a máa ń rí nínú fọ́tò, tí gbogbo ayé ń pè ní yóga, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni. Méje tó kù ò ní kíláàsì lọ́ranyàn, kò sì sí ọmọdé tó máa wá wò yín. Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́wàá ìṣáájú yẹn, kẹ́ ẹ fi ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan péré. Ahimsa ni mo máa ń ní káwọn èèyàn kọ́kọ́ mú, torí a máa ń rò pé ìjà nìkan ló ń tako o. Bí ẹ ṣe ń dá ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ lóhùn wà níbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń bá ara yín wí nínú ọkàn náà wà níbẹ̀.

Ìyá_Gàrí:

Ọmọ Ìjùmú, ẹ jẹ́ ká gbé "má jalè" yẹn wá sọ́jà Kábà lọ́jọ́ ọjà ná. Ẹni tó fi òkúta lu ìdí kóńgò títí tó fi yọ sókè sínú, tó wá ń fi wọn gàrí, ṣé ó máa wá jókòó sídìí igi kó ní òun ń mí? Ká má tíì dé orí ẹní. Ẹ jẹ́ ká ti orí kóńgò bẹ̀rẹ̀.

Èmi ò lọ sí kíláàsì yóga rí. Ọmọ mi ló ń ka ọ̀rọ̀ yìí fún mi, tó sì ń bá mi kọ ọ́. Àmọ́ mo gbọ́ ohun tí ẹ pè ní ìtẹ́lọ́rùn, mo sì ní ọ̀rọ̀ sí i. Kì í ṣe pé kéèyàn má fẹ́ èrè. Èmi fẹ́ èrè, ilé ń béèrè, ọmọ ń béèrè. Ìgbà tí ẹni tó wà níwájú mi bá tà jù mí lọ tí àyà mi ń gbóná, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún mi. Mo máa ń dìde, mo máa ń bu omi mu, mo máa ń gbá iwájú ìsọ̀ mi. Tí mo bá fi máa gbá a tán, n kò tún wo ẹni yẹn mọ́.

Àgbẹ̀_Mọ̀pà:

Ẹ̀yìn dídùn ni kí n bá tísà sọ ní tèmi, torí ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wa.

Ẹni tó ń fi ọkọ́ kọ ebè láti àárọ̀, tó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kọdọrọ, tó na orúnkún gbọnrangandan, ẹ̀yìn rẹ̀ á pè é lálẹ́. Ọ̀gá kan tó wá kọ́ wa nípa iṣẹ́ oko ló fi hàn mí pé ìbàdí ni kéèyàn ti tẹ̀, kí orúnkún rọ̀ díẹ̀, kí ẹ̀yìn gùn tààrà. Ìgbà tí ọmọ mi obìnrin fi àwòrán yóga hàn mí lórí fóònù ni mo rí i pé ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ síwájú. Mo sì ń mí síta bí ọkọ́ bá ti ń wọlẹ̀. Tí mo bá parí poro kan, màá dìde, màá gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdí, màá tẹ àyà síwájú díẹ̀, màá wo òkè. Lẹ́yìn náà ni màá lóṣòó.

Ọ̀rọ̀ ìlóṣòó yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Àwọn ìyá wa ń lóṣòó fọ aṣọ, wọ́n ń lóṣòó dáná, wọ́n dàgbà tán ìbàdí wọn ṣì rọ̀. Àwa tá a ń jókòó sórí àga láti àárọ̀, láti dìde níbẹ̀ gan-an di wàhálà. Àwọn ará yóga ní orúkọ fún un, malasana. Tísà, ẹ lóṣòó nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà tàbí tẹ́ ẹ bá ń ja ewébẹ̀. Ọmọ kankan ò ní wá wò yín.

Nǹkan kan tún wà. Nínú Bhagavad Gita, ìwé àwọn ará Íńdíà, wọ́n ní iṣẹ́ ni ó wà níkàáwọ́ èèyàn, èso iṣẹ́ kò sí níkàáwọ́ rẹ̀, àmọ́ kó má torí ìyẹn di ọ̀lẹ. Orí kejì ló wà. Ẹni tó bá ń gbin kajú ní ìpínlẹ̀ Kogi mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èèyàn á roko, á sun iná yí oko ká kí iná ìgbẹ́ má bàa wọlé, á ṣa á, á sá a, olówó á wá dé á ní iye tí òun fẹ́ rà nìyẹn. N kò ní kẹ́ ẹ má ná an o! Ẹ ná an dáadáa. Àmọ́ oorun mi, n kò fi ṣe ẹ̀ẹ́dínwó fún un.

Alàgbà_Ìsánlú:

Mo kí gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. N kò fẹ́ bà á jẹ́, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni nǹkan yìí ti wá. Láti 1908 tí míṣọ́nnárì Titcombe ti gbé ìhìn rere dé Ẹ̀gbẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti yà kúrò nínú pípe orúkọ òrìṣà. Kéèyàn na ara, kò burú. Kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́, Dáfídì náà ṣe é. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa pe "Om", ọ̀rọ̀ mímọ́ tiwọn, tàbí kẹ́ ẹ máa kí oòrùn, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí ẹ ń kí.

Ọmọ_Ìjùmú:

Bàbá, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ yín tọ́ ní ibi tó tọ́, n kò ní bo ohunkóhun. Ilé àwọn ẹlẹ́sìn Hindu ni yóga ti dàgbà, àwọn ẹlẹ́sìn Buddha àti ẹlẹ́sìn Jain náà ní tiwọn. Ẹni tó bá sọ pé kò kan ẹ̀sìn rárá ń tan yín.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ọ̀pọ̀ nínú ìnara tí à ń rí lóde òní, ìgbà tó sún mọ́ wa ni wọ́n tò ó báyẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ T. Krishnamacharya ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin láàfin ọba Mysore ní Íńdíà, ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni B.K.S. Iyengar àti Pattabhi Jois ti kọ́ ọ kí wọ́n tó gbé e káàkiri ayé. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ní eré ìdárayá àwọn òyìnbó wọ inú rẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì fọwọ́ sí 21 Okúdù gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ yóga ní December 2014, ọ̀rọ̀ ìlera ni wọ́n gbé e lé.

Èmi gan-an ọmọ ìjọ ni mí. Ohun tí n kò gbà gbọ́, n kì í fi ẹnu mi pè é. Tí mo bá jókòó, Sáàmù ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ sí i, kó fi sílẹ̀, kó máa rìn ní òwúrọ̀. Kò pàdánù ohun tó pọ̀.

Alfa_Kábà:

Lọ́dọ̀ tiwa, mo gbà pẹ̀lú bàbá. Ìrun mi, ìrun ni, n kì í pè é ní yóga, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ pé ìforíkanlẹ̀ jọ ọ́. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí n tó lọ sóko, mo máa ń jókòó sórí ẹní mi, màá mí, màá gbọ́ àwọn ẹyẹ. Tó bá yá màá dìde.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹ jẹ́ kí n tètè wọlé kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà.

Ti mímí: ẹ fa èémí sínú látimú, kẹ́ ẹ ka mẹ́rin lọ́kàn, kẹ́ ẹ mí i síta díẹ̀díẹ̀ dé mẹ́fà. Ìmíjáde ni kó gùn ju ìfàsínú lọ. Nígbà tí à ń mí síta, iṣan kan tó ti ọpọlọ wá dé ọkàn, tí wọ́n ń pè ní vagus, máa ń dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ara fi ń balẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ẹlòmíì máa ń fi ìkùnsínú kún un nígbà tó bá ń mí síta, ètè pípadé, "mmm". Wọ́n ń pè é ní bhramari. Ó máa ń mú kí ìmíjáde gùn láìjẹ́ pé èèyàn ń kà.

Ẹ má sé èémí mọ́nú, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu àti aboyún. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò rọlẹ̀, tàbí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, kò gbọ́dọ̀ dorí kodò: fífi orí dúró, ẹsẹ̀ lára ògiri kí ìdí sì ga, kò sí fún un. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, ọyẹ́ àti èéfín iná ìgbẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó ṣe tirẹ̀ nínú ilé. Tí ẹ̀yìn bá ń dùn tó ń ta lọ sẹ́sẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ. Tí wọ́n bá ti fún yín lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ máa lò ó lọ. Mo ti rí ẹni tó dá a dúró torí pé ara rẹ̀ "ti balẹ̀". Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo.

Ti ìta: bàtà lẹ́sẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, ẹ lu ewéko kẹ́ ẹ tó jókòó. Paramọ́lẹ̀ kò ní sá fún yín, ibi tó wà ló máa wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn etí odò, Ọ̀yì tàbí Kampe, ibi tí omi bá ti ń sáré lórí òkúta ni kòkòrò dúdú kékeré tó ń fa àrùn ojú máa ń yé sí. Ọ̀sán ló ń jẹni. Ẹ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba oògùn Mectizan tí wọ́n bá ń pín in ládùúgbò yín. Ibi tí omi ti rọra ń lọ dáa jù fún ìjókòó.

Ará_Bùnú:

Nọ́ọ̀sì ti sọ ti ejò. Kí n sọ ti èèyàn.

Tísà, ẹ má dá gun òkè yẹn. Mo mọ̀ pé ó wù yín. Èmi náà, orí òkè ni mo dàgbà sí, orí àpáta la ti ń wo oko bàbá wa. Ṣùgbọ́n ayé àwọn ajínigbé la wà yìí. Ẹ lọ pẹ̀lú ẹni méjì mẹ́ta, ọ̀sán gangan tàbí òwúrọ̀ tí ojú ti là, kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó wà nílé ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọdẹ àdúgbò bí ọ̀nà ṣe rí. Tí wọ́n bá ní ẹ dúró, ẹ dúró.

Ìkejì, gbogbo òkè kọ́ ni òkè ìgbafẹ́. Àwọn òkè kan wà àti àwọn igbó kan tó jẹ́ ti àwọn àgbà, obìnrin kì í débẹ̀, àlejò kì í débẹ̀. Ẹ bi onílé yín tàbí baálẹ̀. Àìṣe ẹ̀dá léṣe tí Ọmọ Ìjùmú ń sọ, mo rò pé ó kan ohun tí ará ìlú kà sí ọ̀wọ̀ náà.

Igi wà nínú ọgbà ilé ìwé yín, àbí kò sí? Ìdí igi máńgòrò ọgbà ilé ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lu agogo ìparí ti tó.

Ọmọ_Ọkun_UI:

Ẹ̀ka karùn-ún yẹn ló kàn mí jù, kíkó ojú àti etí kúrò nínú ariwo. Fóònù ni ariwo tèmi. Nígbà tí mo bá wá sílé ní Ìyàrà, iná kì í sábà sí, bátìrì á kú, inú á kọ́kọ́ máa bí mi. Tó bá yá, màá máa gbọ́ nǹkan: ewúrẹ́, ẹni tó ń gún iyán, òjò tó ń bọ̀ látọ̀nà jíjìn lórí ewé. Mo ti wá ń pa fóònù fúnra mi kí n tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí tísà mú nǹkan kan ṣoṣo gbọ́, bóyá ẹyẹ kan, kó tẹ̀ lé ohùn ẹyẹ yẹn títí yóò fi dákẹ́. Ó rọrùn ju kéèyàn ní òun fẹ́ má ronú. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àìronú.

Ìyá_Gàrí:

Àìronú wà nílé tèmi, ọkọ mi ń ṣe é dáadáa.

Àgbẹ̀_Mọ̀pà:

Ha! Ìyá Gàrí, ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́ o, ahimsa!

Tísà_Kábà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ti bi onílé mi. Ó ní òkè ẹ̀yìn ilé kò ní èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni títí dé ibi àpáta fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, àmọ́ kí n má kọjá ibẹ̀, òun á sì ní kí ọmọ òun ọkùnrin méjì sìn mí lọ. Ìdí máńgòrò ọgbà ni màá máa lò láàárín ọ̀sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè ká ẹsẹ̀ jókòó sílẹ̀ pẹ́. Ìkejì, àwọn ọmọ ilé ìwé mi ti rí mi nígbà tí mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, wọ́n fẹ́ kí n kọ́ wọn. Ṣé kí n kọ́ wọn?

Ọmọ_Ìjùmú:

Ti orúnkún: ẹ jókòó sórí àpótí. Àpótí tó ga díẹ̀. Kí ìdí ga ju orúnkún lọ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ fẹ̀ sílẹ̀. Ìjókòó tó dúró tó sì tura ni wọ́n béèrè, wọn kò béèrè ẹsẹ̀ kíká.

Ti àwọn ọmọ, ẹ kọ́ wọn ní ìdúró-bí-igi, vrikshasana. Ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ kejì lára itan tàbí lára ojúgun, kì í ṣe lára orúnkún. Kí wọ́n tẹ ojú mọ́ ohun kan tí kò mira, kí wọ́n máa mí. Ọmọ tó bá ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣubú, wọ́n á fojú ara wọn rí i. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ Sáńsíkírítì kún un, kí òbí kankan má bàa wá sí ọ́fíìsì. Ẹ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Alàgbà_Ìsánlú:

Èyí kò ní wàhálà. Àwa náà ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan nígbà tí a wà ní kékeré, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wá.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀:

Tísà, kí ọmọ tó ní wárápá tàbí tí òòyì máa ń kọ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó fọwọ́ kan kàn án. Kí wọ́n bọ́ bàtà, kí ẹsẹ̀ wọn wà lórí iyẹ̀pẹ̀, kì í ṣe lórí sìmẹ́ńtì tó tutù tó ń yọ̀. Orúnkún tiyín náà, ṣé ó máa ń wú? Tó bá ń wú, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó ní ilé ìwòsàn Kábà kẹ́ ẹ tó máa lóṣòó bí Àgbẹ̀ ṣe sọ.

Tísà_Kábà:

Kì í wú, ó kàn ń dún kọ́kọ́ ni. Màá lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè síbẹ̀ náà. Ará Bùnú, ẹ bá mi béèrè bóyá àwọn ọdẹ máa ń wà lọ́nà Ìyàrà láàárọ̀ Sátidé, àwa mẹ́ta la fẹ́ lọ.